Gìgísẹ̀ Àdìjátù

"Tú u sílẹ̀! Mo ní kó o tú etí ìró yẹn sílẹ̀, kí gbogbo agboolé rí ohun tó o dì sí i!"

Ohùn Sàrátù ti gba orí páànù kọjá, ó ti dé ojú títì. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá ìró Àpọ́nlé, orogún rẹ̀, mú, ó sì ń fà á bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́. Àpọ́nlé náà fún etí ìró náà mọ́ àyà, kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Àdìjátù, ẹ má fa ìró mi ya o. Iyanrìn ni. Iyanrìn ẹ̀pà ni."

"Iyanrìn ẹ̀pà! Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Gbogbo Ṣakí tó fẹ̀ tó yìí, kò síbòmíràn tí wọ́n ti ń bu iyanrìn, àfi ojú ọ̀nà tí ọmọ mi ń sáré gbà? Àfi orí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí ojú ẹsẹ̀ náà ò tíì pa rẹ́? Mo rí ọ! Mo dúró lẹ́yìn igi igbá, mo ń wò ọ́ bó o ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bó o ṣe ń bù ú."

"Ibẹ̀ ni àgbàrá kó o jọ sí. Òjò àkọ́rọ̀ ló fọ̀ ọ́ mọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí yangí bá wà nínú iyanrìn agbada, ẹ̀pà á jóná lápá kan, á tutù lápá kejì."

"Ọmọ mi lo fẹ́ yan, kì í ṣe ẹ̀pà!"

Ó tún fà á. Etí ìró já mọ́ Àpọ́nlé lọ́wọ́, iyanrìn dà sílẹ̀ gbuu. Ó funfun, ó kúnná bí iyọ̀. Àwọn ará ilé tó ti sáré jáde wá wòran bá fẹ̀yìn rìn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó kan òun lẹ́sẹ̀. Adìẹ kan tí kò mọ ohun tó ń lọ gba orí rẹ̀ kọjá, gbogbo ojú sì tẹ̀lé adìẹ náà dé ẹ̀yìn ilé, bóyá yóò tiro.

Kò tiro.

"Adìẹ kì í ṣe ọmọ mi," ni Sàrátù wí. "Orúkọ adìẹ kọ́ ni wọ́n pè sí i."

Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ wọn, jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè. Àfìgbà tí Ràsáàkì, ọkọ àwọn méjèèjì, ti oko iṣu dé tòun ti ọkọ́ léjìká ni ariwo náà tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Ràsáàkì gbọ́ ti èyí, ó gbọ́ ti ìyẹn, ó wo iyanrìn nílẹ̀, òun náà yà fún un. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fura sí ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, ó sì fura sí orí ara rẹ̀ tó fi fẹ́ méjì.

"Ó tó," ló wí. "Ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá kírun tán, Àpọ́nlé yóò gbọ́wọ́ lé Àlùkùránì níwájú Ààfáà Mọ́nsúrù. Yóò búra pé òun ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ yìí, òun ò sì fọwọ́ kan ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá kọ̀, kó gbé agbada ẹ̀pà rẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ n'Ígbòho."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Sàrátù wí.

"Mi ò tíì parí. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ìwọ gbé ọmọ lọ sí díspẹ́ńsárì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ lẹ́yìn ọ̀la pé a lé ènìyàn nílé nígbà tí a ò tíì wo ẹsẹ̀."

Àpọ́nlé tún ìró rẹ̀ ró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá iyanrìn rẹ̀ jọ. Sàrátù ń wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ejò.

Kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun Àdìjátù, ta ló mọ Sàrátù? Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin sì ni. Àpọ́nlé tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ti bí ọkùnrin lé ọkùnrin. Tí wọ́n bá ń kí àwọn ìyá ọmọ nínú agboolé Ládòkun, ìgbà tí wọ́n bá ti ń gbọn ìdí aṣọ láti dìde ni wọ́n tó ń rántí Sàrátù. Àfi ọjọ́ tí Tíṣà Akínyẹlé, tó ń darí eré ìdárayá nílé ìwé, rí Àdìjátù tó ń lé ewúrẹ́ kan tó gbé iṣu sísè sá lọ. Ọmọ náà lé ewúrẹ́ bá, ó sì gba iṣu. Láti ọjọ́ náà ló ti di eléré. Ó fi àwọn ọmọ Ìgbòho sẹ́yìn, ó fi àwọn ọmọ ilé ìwé onígbàgbọ́ tó wà lókè sẹ́yìn, wọ́n fún un ní ife tó ń dán. Àwọn obìnrin tó ń ra irú lọ́wọ́ Sàrátù lọ́jà ò tún pè é ní Ìyá Onírú mọ́. Ìyá Eléré ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọn kì í kí tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí.

Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìrora náà dé, nígbà tí ilẹ̀ le bí ojú ọlọ. Tí Àdìjátù bá sáré dé, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni yóò máa fi rìn bí ẹni tó ń yọ́ wọlé jalè. Sàrátù fi abẹ́rẹ́ wá ẹ̀gún títí, kò rí ẹ̀gún. Kò wú, kò ṣẹ́, kò lẹ́gbò. Ó fi òrí gbígbóná wọ́ ọ, gìgísẹ̀ kejì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ò wú, tí ò lẹ́gbò, tó wá ń dun ọmọ tó gba ife, kí là á pe ìyẹn? Sàrátù ò wá orúkọ rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ti Sàrátù ti kọjá oògùn, ó ti di oúnjẹ àárọ̀. Ó ń gbálẹ̀ níwájú ọmọ kó tó jáde. Ẹni tó bá sọ pé "Eléré, o kú iṣẹ́," Sàrátù á fẹ́ mọ ìdí tí kò fi kí ọmọ ẹlòmíràn. Orí ìṣọ́ yìí ló wà lẹ́yìn igi igbá tó fi rí Àpọ́nlé lójú àgbàrá.

Ní díspẹ́ńsárì, Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé ní kí Àdìjátù nà sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, aṣọ funfun, ohùn rẹ̀ ò yára. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo ọrùn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò àti ìka fún gìgísẹ̀ ọmọ náà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ẹni tó ń yẹ ọsàn wò.

"Yéè!" Àdìjátù fò sókè.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ibẹ̀ náà ni. Ṣé ó máa ń dùn ọ́ lójú oorun?"

"Rárá, mà."

"Ara rẹ ń gbóná?"

"Rárá, mà."

"Tó o bá sinmi ńkọ́?"

"Tí mo bá sinmi, ó máa ń lọ. Tí mo bá ti tún sáré, ó tún..." Ọmọ náà rí ojú ìyá rẹ̀, ó pa ẹnu dé.

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan etí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ náà tó ti gòkè kọjá orókùn. "Ọmọ yìí ti ga láìpẹ́ yìí."

"Ó ga," ni Sàrátù wí. "Ṣé gíga náà ti di àrùn ni?"

"Kì í ṣe àrùn, Ìyá Àdìjátù. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Eegun gìgísẹ̀ ọmọdé kò tíì di ẹyọ kan bíi tiwa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dàgbà, ó ṣì rọ̀ bí etí. Iṣan ńlá kan wà lẹ́yìn ẹsẹ̀, ó so mọ́ ibi tó rọ̀ yẹn gan-an. Tí ọmọ bá ń ga kíákíá, eegun á gùn ṣáájú iṣan. Iṣan á wá le bí okùn kànga tí garawa rẹ̀ kún. Gbogbo ìgbà tó bá ń sáré, tó bá ń fò, okùn yẹn ń fa ibi tó rọ̀ yẹn ni. Ilẹ̀ líle sì ń gbá a láti ìsàlẹ̀. Ohun tó ń dùn ún nìyẹn."

Sàrátù ronú sí i. "Ta ló so okùn náà?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run ni."

Sàrátù ò rẹ́rìn-ín.

"Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń ṣeré ló máa ń ṣe," ni Nọ́ọ̀sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó máa ń lọ pátápátá tí eegun bá gbó. Ṣùgbọ́n ní báyìí, kó fi eré sísá àti fífò sílẹ̀ ná, títí tí mo fi máa fún gìgísẹ̀ yìí tí kò ní dùn ún. Tó bá ti ilé ìwé dé, ẹ rẹ aṣọ sínú omi tútù inú àmù, ẹ fi dì í fúngbà díẹ̀. Kó yéé fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí yangí. Ẹ bá a wá bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ nípọn, ẹ ká àkísà sínú rẹ̀ níbi gìgísẹ̀, kí gìgísẹ̀ lè ga díẹ̀. Kó sì máa ṣe báyìí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

Ó dìde, ó gbọ́wọ́ lé ògiri, ó na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì rọra fi ara ti ògiri. "Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló ń nà báyìí. Jẹ́jẹ́ ni o. Tó bá ti ń dùn ún, kó dẹwọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá wú, tó bá pọ́n, tí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí ìrora bá ń jí i lóru, ẹ má ṣe dúró. Ẹ gbé e padà wá kíá, ìyẹn ti di nǹkan mìíràn."

"Kò sí abẹ́rẹ́?"

"Kò sí abẹ́rẹ́."

"Nọ́ọ̀sì tí ò gún ènìyàn lábẹ́rẹ́! Ìsinmi náà, títí dìgbà wo?"

"Ó lè tó oṣù kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀."

"Eré Ìsẹ́yìn ti dé tán! Àwọn tó bá mókè níbẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ Ìbàdàn!"

"Ẹsẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ lọ Ìsẹ́yìn, Ìyá Àdìjátù."

Ìgbà náà ni ojú Sàrátù kúrò lára Nọ́ọ̀sì, tó bọ́ sórí tábìlì. Fọ́tò kan wà níbẹ̀ nínú férémù. Ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé eléré, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ ọmọ yẹn. Ọmọ ilé ìwé onígbàgbọ́ ni. Òun nìkan ló sún mọ́ Àdìjátù lọ́jọ́ tí wọ́n gba ife, ó kù díẹ̀ kó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ọmọ yín nìyí?"

"Ọmọ mi ni. Ọmọ́bọ́lá."

"Áà," ni Sàrátù wí. "Ó jọ yín. Ẹ ṣé o, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣé gan-an ni."

Wọn ò tíì kọjá igi emi tó wà lẹ́nu géètì tí Sàrátù fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sínú. Ẹ ò rí ayé! Kí tèmi sinmi kí tìẹ lè sáré. Kí n máa fi omi àmù wẹ ẹsẹ̀ nílé, kí ìwọ máa fi ife bu omi fún àlejò. Ó dúró, ó dojú kọ ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"O ò gbọ́ nǹkan kan."

Àdìjátù wo ilẹ̀. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Nílé, nígbà tí Ràsáàkì bi í, Sàrátù sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ kedere: "Wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn tí oògùn òyìnbó ń wò." Ràsáàkì mí kanlẹ̀, ó wo Àpọ́nlé. Àpọ́nlé wo Àdìjátù. Àdìjátù ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, Sàrátù mú ọmọ náà jáde. Ó ti gbèrò rẹ̀ dáadáa: ohun tí ayé bá rán sí ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ bá jókòó, á ráyè ta gbòǹgbò. Ẹsẹ̀ tí ò bá jókòó ńkọ́? Á gbọ̀n ọ́n dànù.

"Sá lọ dé ẹsẹ̀ àpáta, kó o padà."

Àdìjátù sá. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń sá, èjìká rẹ̀ ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀!"

"Ó ń dùn mí, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Ẹni tó ní kó máa dùn ọ́ ni yóò rí i lọ́jọ́ Jímọ̀. Tún un sá."

Ó tún un sá. Nígbà tó padà dé, omi ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sunkún síta. Sàrátù fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ó gbé e pọ̀n dé ilé, ọmọ tó ti gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá rí wọn á mọ̀ pé ìyá fẹ́ràn ọmọ. Ìfẹ́ náà kọ́ ló ní wàhálà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé igbá irú, ó ní òun ń lọ ta á lókè. Irọ́ ni. Ó fẹ́ lọ wo bí ọmọ nọ́ọ̀sì ṣe ń gbára dì. Ó gba ẹ̀yìn ọgbà ilé àwọn nọ́ọ̀sì, ó ya ewé ọgbà náà, ó yọjú.

Ọmọ́bọ́lá jókòó lórí àga kékeré. Aṣọ tútù ni wọ́n fi di gìgísẹ̀ rẹ̀ òsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bàtà kánfáàsì kan wà, àkísà yọ orí jáde níbi gìgísẹ̀.

Sàrátù ò jọ̀wọ́ ewé náà. Ó dúró síbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n rí òun; wọ́n rí i pé òun ń bọ̀, wọ́n sì yára gbé ọmọ jókòó síta láti tan òun jẹ. Ó ń gbìyànjú láti gba ìyẹn gbọ́ ni ọmọ náà rí i.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Àdìjátù? Àdìjátù náà ti ń sinmi, àbí? Mọ́mì ní irú tèmi náà ló ń ṣe é. Èmi náà ò ní lọ Ìsẹ́yìn. Mo sunkún títí." Ó fa ikun imú sókè. "Ẹ ní mo kí i."

"Yóò gbọ́," ni Sàrátù wí.

Ó mọ̀ wàyí. Ó mọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ gbé dé ojú títì, wo ẹ̀rù tí yóò bà á láti gbé e padà wọlé. Ṣé kó wọlé kó lọ kúnlẹ̀ fún Àpọ́nlé, lójú àwọn tó wo adìẹ? Kó di Ìyá Onírú padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ó rìn kiri pẹ̀lú igbá irú títí tí ọjọ́ fi rọ̀, kò ta nǹkan kan. Nígbà tó délé, kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo wọn pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ààfáà Mọ́nsúrù, àgbà agboolé, jókòó lórí awọ àgùntàn, Àlùkùránì wà níwájú rẹ̀ lórí aṣọ funfun. Àpọ́nlé ti ṣe àlùwàlá, ó fi ìborùn bo orí. Agbada ẹ̀pà rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti dì í sínú àpò, bóyá wọn ò ní gba ìbúra náà gbọ́. Àdìjátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà.

"Ìwé yìí kì í ṣe ohun eré," ni Ààfáà wí. "Kí ọwọ́ tó kàn án, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú, kó sọ ọ́ jáde."

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ lanu.

"Èmi ní ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì yìí tí wọn ò rí nǹkan kan, kò yé mi. Nọ́ọ̀sì tí èmi mọ̀, tí wọn ò bá tiẹ̀ rí nǹkan kan, wọ́n á fún ènìyàn ní oògùn aràn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Sàrátù ò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, mo ti sọ ohun tí wọ́n sọ."

"Tún un sọ."

"Wọn ò rí nǹkan kan!"

Àpọ́nlé gbé orí sókè. "Ààfáà, èmi ó búra. Mi ò bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí ìyáálé mi náà búra pé ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nìyẹn. Kí a jọ búra."

"Èmi!" Sàrátù fò dìde. "Wọ́n ba ọmọ mi jẹ́ tán, wọ́n tún ní kí n búra! Ìwọ alágbada yìí, o ti rí ẹnu lára mi!"

"Ọwọ́ yín lórí ìwé ni mo ń retí," ni Àpọ́nlé fèsì, jẹ́jẹ́.

Ràsáàkì ń fa irùngbọ̀n. "Ìbúra yẹn ò burú, Sàrátù."

"Ìwọ náà!"

"Ìyá Àdìjátù," ni Ààfáà Mọ́nsúrù wí, ó sì rọra yí Àlùkùránì padà lórí aṣọ funfun náà, ó dojú rẹ̀ kọ ibi tí Sàrátù dúró sí. "Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Sàrátù tún gèlè rẹ̀ wé. Kò sí ẹni tó lè sọ láé pé ẹ̀rù bà á lójú orogún.

"Ẹ̀rù? Èmi Sàrátù? Àlùwàlá Jímọ̀ ṣì wà lára mi. Ẹ gbé e wá."

Ó kúnlẹ̀ níwájú awọ àgùntàn náà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà ń lọ sórí ìwé nígbà tí Àdìjátù dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi sá gba àárín àwọn àgbà kọjá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Màmá. Irọ́ ni. Ẹ ó kú."